Olóríkunkun ní Àpápá

Kì í ṣe ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì,
kì í ṣe èyí tó ń kó ògbólógbòó mọ́tò wá fún wa.
Ikùn rẹ̀ pọ́n bí ata rodo,
imú rẹ̀ nípọn bí imú ẹni tó ti ja ìjà rí.
A ò lè pe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára,
làwọn ọmọ èbúté bá sọ ọ́ ní Olóríkunkun.

Ìmọ̀ ló ń wá, wọ́n ní, nísàlẹ̀ òkun,
lọ́hùn-ún, ní òkè téńté ayé,
níbi tí oòrùn ti ń gba ìsinmi oṣù mẹ́ta
tẹ́nìkan ò sì yọ nínú owó rẹ̀.

Okùn irin kan ló já mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà,
férémù tó gbé e dúró sì sán.
Ọ̀gá Sùnmọ́nù ní, "Gbé ẹ̀rọ, ó yá."
Mo gbé e. Kàsúmù fa wáyà tẹ̀lé mi.

Ẹ wá wo ọkọ̀ òtútù nínú ooru oṣù kẹta!
Wọ́n kàn án kí ooru má baà jáde;
ooru Àpápá wọlé, kò rí ọ̀nà lọ mọ́.
Àwọn atukọ̀ ń sùn níta lábẹ́ kíréènì,
ara wọn pọ́n bí edé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀.
Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kóòtù mọ́kàndínlógún so rọ̀ lórí ìṣó,
wọ́n tò gbọọrọ bí àwọn afẹ̀yìntì tó ń dúró de owó.
Mo ti kí wọn kí n tó mọ̀ pé aṣọ ni.

Irin rẹ̀ wá ńkọ́? Irin tí mo mọ̀, ọ̀pá kan ti tó o.
Èyí jẹ mẹ́rin, ó tún ń la ẹnu.
Mo bi obìnrin tó ń ṣọ́ wa,
Sígírìdì, ahọ́n mi ń yọ̀ lórí orúkọ náà:
"Kí lẹ ń bẹ̀rù tẹ́ ẹ fi wọ irin tó tó báyìí?"
Ó ní, "Yìnyín."

Yìnyín kẹ̀?
Ọmọ Awáwù ẹlẹ́ja Ìjọra ni mí.
Yìnyín ni wọ́n fi tọ́ mi: búlọ́ọ̀kù ńlá,
lẹ́búlẹ́bú pákó láti Òkò Bàbá,
àpò ìdọ̀họ lókè, ká máa sáré kí oòrùn tó mọ̀.
Ìyá a máa ní, "Ta yìnyín kí yìnyín tó ta ara rẹ̀."

Ó mú mi wọ yàrá kan tí èémí mi ti di èéfín.
Ẹrẹ̀ òkun wà nínú páìpù, ó tò bí ìgò ọtí;
lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yìnyín kan tí kò tó orí ọmọdé.
Ó ní èyí ti bọ́ látọ̀run kí wọ́n tó tẹ Èkó dó.
Mo fi ìka kàn án. Ó lẹ̀ mọ́ mi díẹ̀,
bí àgbàlagbà tí ń bọ èèyàn lọ́wọ́ tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ dán lẹ́búlẹ́bú pákó wò."
Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.
Lẹ́yìn náà ló béèrè pé,
"Pákó tó wà ní Òkò Bàbá, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"
A jọ dákẹ́.
Mo ń ro ti oníbàárà: ta ló ń ra èyí tó ń ta ara rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, omi gun àtẹ̀gùn èbúté kan ju ti àná lọ.
Ìgbì lásán ni, Ọ̀gá Sùnmọ́nù ló wí bẹ́ẹ̀.

Kí n tó kó ẹ̀rọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ AWÁWÙ
sí inú férémù, mo kun ọ̀dà lé e.
Ìyá mi, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé ní itẹ́ Àtán.
Ọkọ̀ ti lọ. Kàsúmù ní, ṣé ojú irin yẹn á dì?
Á dì.
Ó wà lọ́hùn-ún báyìí, ó di okùn mú,
ìyá mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ yìnyín.